Ìmọ̀ Ọ̀pẹ Lára Èèkàn Méjìlá

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọlé. Kí ẹni tó jókòó sórí àpótí dìde fún arúgbó. Kí ẹni tó ń bẹ iṣu fi ọ̀bẹ sílẹ̀ ná. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, orin wà nínú rẹ̀, ẹran wà nínú rẹ̀, owú sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju iyọ̀ inú ọbẹ̀ lọ. Bí mo bá dá orin, ẹ gbè é. Bí ẹ kò bá gbè é, mo pa ẹnu mi dé nìyẹn, ẹ ó sì lọ sùn láìmọ ẹni tó ṣe é.

Ọdún 1959 ni, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún tí ààwẹ̀ Ràmàdánì bọ́ sínú oṣù náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, èyí tí àwa ìmàle ń pè ní Àtàláátà. A ti jẹ sààrì, a ti kírun àsùbáà, mo ń gbálẹ̀ iwájú ilé mi ní Bẹyẹrunkà, ni mo gbọ́ igbe láti ẹ̀yìn ilé Bàbá Sàídì:

"Ẹ má wọ ibẹ̀ o! Wọ́n ti pa àálè síbẹ̀!"

Mo ju ìgbálẹ̀ nù, mo sáré. Orí pápá ìṣeré wa ni. Kò tíì di pápá nígbà náà o, ilẹ̀ lásán ni, tí ẹnjiníà káńsù ri èèkàn méjìlá yí ká, tó fi okùn funfun so wọ́n pọ̀. Èèkàn méjèèjìlá ni wọ́n ti so ìmọ̀ ọ̀pẹ mọ́ lọ́rùn. Ó ń fì lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni ń juwọ́ sí wa pé ká padà sílé.

Ẹ mọ ohun tí irú rẹ̀ ń sọ. Ilẹ̀ òrìṣà rèé, tàbí ilẹ̀ ìjà. Ẹni tó bá láyà kó kọjá. Gbogbo àwa tí à ń pariwo pé a ò gba òrìṣà gbọ́ mọ́, ìmàle pẹ̀lú aládùúrà, a to sẹ́yìn okùn, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kọjá a.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi le. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, Àlàrùba, ni káńsù máa ka ìwé ìnáwó ọdún ní gbọ̀ngán Mápó, ìwé tí àwọn akọ̀wé ń pè ní bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ̀rin pọ́n-ùn wà nínú rẹ̀ fún pápá kan ṣoṣo, láti tẹ́ ilẹ̀, láti gbin koríko, láti ri òpó góòlù. Orúkọ Bẹyẹrunkà ló wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà ń bọ̀ wá wo ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Àtàláátà yẹn gan-an, káńsù kì í sì í ná kọ́bọ̀ sórí ilẹ̀ tó ní ìjà nínú. Bó bá fojú kan ìmọ̀ ọ̀pẹ yìí, yóò fa gègé lé orúkọ wa, yóò kọ ti àdúgbò Mólété sípò rẹ̀. Ó tán nìyẹn.

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn tó Kúlúsúmù, Ìyá Ìbejì, tó ń ta ìgbálẹ̀ ní Ọjà'ba. Àwọn ọmọ wa ò níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àfi ojú títì. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni Táíwò ọmọ rẹ̀ sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù ní Bẹẹrẹ, tí lọ́rì gbá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ó ṣì ń tẹ̀lé ọ̀pá kiri. Kẹ́hìndé, èkejì rẹ̀, sì ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì kan náà, ẹnu ìyá rẹ̀ ò ká a. Bí lọ́rì bá ti fọn fèrè báyìí, Kúlúsúmù á gbé ọwọ́ lé àyà.

Ẹ gbè é:

Fèrè lọ́rì ń dún o — Mo dìde!
Ọmọ mi ò sí nílé o — Mo dìde!
Ẹ fún wa ní pápá o — Kí n jókòó!

Ẹ ṣeun. Ẹ ò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbe orin.

Akódà kan dé láti Mápó, Sájẹ́ǹtì Olúdayọ̀, ọkùnrin gíga kan tó máa ń fi ẹ̀pà sápò ṣòkòtò. Òun náà dúró sẹ́yìn okùn.

"Ta ló so nǹkan yìí?" ó béèrè.

"Ẹ bá wa tú u, Sájẹ́ǹtì." Bàbá Sàídì ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni olórí ilé tó fún káńsù ní ilẹ̀ náà, káńsù sì ti ní orúkọ rẹ̀ làwọn máa fi pe pápá.

"Èmi kẹ̀? Tèmi ni kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

Yésúfù, ọ̀rẹ́ Bàbá Sàídì, ń mi orí. Ilé kéú kan náà làwọn méjèèjì ti jẹ ẹgba. Yésúfù ló ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó fi ń bá ènìyàn kọ lẹ́tà nísàlẹ̀ òkè Mápó. Òun ló sì fi ọdún mẹ́fà kọ lẹ́tà sí káńsù nítorí pápá yìí.

"Ọdún mẹ́fà!" ó ní. "Sàídì, wàhálà ọdún mẹ́fà!"

Níbi tí a ti ń káàánú rẹ̀, Kúlúsúmù gbé ẹsẹ̀, ó dá okùn kọjá.

"Ìyá Ìbejì! Ṣé orí rẹ pé?" ni mo ké.

"Ìmọ̀ ọ̀pẹ ni mo ń ya láti ọmọ ọdún mẹ́jọ," ó ní. "Òun ló ń bọ́ mi. Kí ló fẹ́ fi mí ṣe lónìí?"

Ó di ewé náà mú, ó fi ìka lọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Kò fi kan ahọ́n, nítorí ààwẹ̀. Ó lọ láti èèkàn dé èèkàn. Mo jowú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Mo fi ọdún méje jù ú lọ, ẹsẹ̀ mi ò sì kúrò lójú kan.

"Sájẹ́ǹtì," ó ní, "olórìṣà kọ́ ló ṣe èyí. Olórìṣà á gé ewé àárín, èyí tí kò tíì là, tó ṣì funfun. Á wá ya á wẹ́wẹ́. Ìyẹn ni màrìwò. Èyí, ewé gbígbó lásán ni, irú tí mo fi ń ṣe ìgbálẹ̀. Ẹnì kan kàn fẹ́ lé wa ni."

"Mo ti mọ ẹni náà," ni Sájẹ́ǹtì wí, ó sì pariwo, "Màmúdù!"

Wọ́n fa Màmúdù jáde láàárín èrò. Òun ló ń dáko ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ náà láti ọdún mẹ́jọ, wọ́n sì ti rí i níbẹ̀ ní ìdájí tòun ti àdá.

"Sájẹ́ǹtì, mo ń gbààwẹ̀ o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n búra."

"Kí lo wá fi àdá ṣe?"

"Mo wá wú ẹ̀gẹ́ mi! Wọ́n ní katakata tó máa tẹ́ ilẹ̀ ń bọ̀."

"Inú ò bí ọ?"

"Ó bí mi! Sàídì gba orúkọ, káńsù gba ilẹ̀, èmi gba kí ni? Tí mo bá rí i tó ń rìn lọ, ọ̀fun mi á korò."

Sájẹ́ǹtì ti mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. Kúlúsúmù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú apẹ̀rẹ̀ Màmúdù. Ẹ̀gẹ́ tó wà níbẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ lọ.

"Bọ̀ọ̀dá Màmúdù, èyí ò tíì gbó."

"Kò gbó. Kí ni mo fẹ́ ṣe?"

Kúlúsúmù dìde. "Sájẹ́ǹtì, ẹni tó bá so ìmọ̀ ọ̀pẹ kí wọ́n má baà gba oko rẹ̀, á fi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó gbó ni. Ẹni tó ń wú ọmọ ẹ̀gẹ́ ti gbà pé oko ti lọ. Ẹ fi í sílẹ̀."

Sájẹ́ǹtì wò ó bí ẹni tí wọ́n gba ẹran lẹ́nu rẹ̀. Òun ló gba owó oṣù, obìnrin onígbálẹ̀ ló ń ronú.

"Tí kì í bá ṣe Màmúdù, ta wá ni?"

Kúlúsúmù mú un lọ sí ìdí èèkàn keje. Lára ìmọ̀ tó wà níbẹ̀, ẹnì kan ti fi ewé kan ká àgbélébùú kékeré, kò tíì ká a tán. "Ẹ tún gbóòórùn rẹ̀."

"Lọ́fíńdà!" Sájẹ́ǹtì lu ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. "Aládùúrà! Ọjọ́ Ọ̀pẹ ni wọ́n ṣe ní Àìkú tó kọjá. Babátúndé ni, ọmọ Mólété yẹn!"

Babátúndé ni káputéènì bọ́ọ̀lù Mólété, ó sì ń jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà kan ní Kúdẹtì. Bí owó pápá bá bọ́ lọ́wọ́ Bẹyẹrunkà, ọwọ́ tirẹ̀ ló ń bọ́ sí. Kódà èmi náà gbà pé òun ni.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni Sájẹ́ǹtì àti Kúlúsúmù bá ní gáréèjì tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìyókù wà lábẹ́ lọ́rì tó ń tún ṣe. Oòrùn ti dé àárín orí, ètè Kúlúsúmù ti gbẹ.

"Babátúndé, jáde wá!" ni Sájẹ́ǹtì wí fún ẹsẹ̀ náà.

"Ta nìyẹn?"

"Ìjọba!"

Ó yọ jáde, ọ́ìlì ti kùn ún lójú. Nígbà tó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ń dùn mí. Bọ́ọ̀lù wa dáa ju tiyín lọ, ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ fún ní pápá. Mo máa ń lálàá pé òjò gbé èèkàn yín lọ sí Ògùnpa. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ tí wọ́n gbàdúrà sí? Òkè ilẹ̀kùn là ń fi í há títí ọdún á fi yí. Èmi ó wá gbé e lọ so sínú eruku? Ilé mi rèé, ẹ lọ wo ilẹ̀kùn."

Wọ́n lọ wò ó. Ọ̀pẹ rẹ̀ wà lókè ilẹ̀kùn, ó ti ká a ní àgbélébùú dáadáa.

"Ìmọ̀ tó bá ṣẹ́ kù ńkọ́, tí ẹnikẹ́ni ò mú lọ sílé?" ni Kúlúsúmù béèrè.

"Ẹ bi Sístà Comfort tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé yóò ṣì di tiwa, pápá yẹn?"

"Kò ní di tiyín," ni Kúlúsúmù wí, "ṣùgbọ́n ẹ máa wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀."

Lójú ọ̀nà Kúdẹtì, Sájẹ́ǹtì ń ti kẹ̀kẹ́, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń fajú ro.

"Ìyá Ìbejì, ẹ sọ tinú yín. Kí lẹ rí lára ewé yẹn tí èmi ò rí?"

"Mẹ́ta ni mo rí. Àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń ká sínú. Ìmọ̀ tí wọ́n gé lánàá á ṣì máa dán. Èyí ti lo ọjọ́ mẹ́rin, Sátidé ni wọ́n gé e. Èkejì, lọ́fíńdà. Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Àìkú."

"Ẹ̀kẹta?"

"Ẹnu ewé. Tí ọ̀bẹ bá gé ìmọ̀, ojú ibẹ̀ á gún. Ti èyí rún jágajàga. Eyín ló ṣe é, Sájẹ́ǹtì."

"Eyín ènìyàn?"

"Ta ló ń jẹ ìmọ̀ ọ̀pẹ?"

Sájẹ́ǹtì dá ẹ̀pà dúró lẹ́nu. "Ewúrẹ́. Tàbí àgbò."

"Ó tọ́ ọ wò, lọ́fíńdà lé e sẹ́yìn. Ìmọ̀ wá ṣẹ́ kù sílé ẹni tó ni ẹran náà."

Comfort ń fọ aṣọ funfun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ̀ Kúlúsúmù ló ti ń ra ìgbálẹ̀.

"Ẹ káàsán mà, Ìyá Ìbejì. Ìmọ̀ tó ṣẹ́ kù? Mo ti kó o fún bàbá alágbò kan. Ó máa ń wá béèrè ewé. Ó ní òun fẹ́ kí àgbò òun sanra ju ti ọ̀rẹ́ òun lọ nígbà Iléyá."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Mi ò mọ orúkọ. Bàbá jẹ́jẹ́ kan ni, tí tàdáwà ti kùn ní ìka."

Kúlúsúmù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra ń dá orin kan sínú ara rẹ̀:

Ìka dúdú, ìka dúdú,
Ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ lo pa á rẹ́.

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ mú un!"

"Ẹ má mú un, ẹ fún mi ní wákàtí kan. Bí ẹ bá tì í mọ́lé, ta ló máa tú ìmọ̀ yẹn? Bí èmi bá tú u, ìlú á máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé òrìṣà ń bínú. Ẹni tó so ó nìkan ló lè tú u kí ọ̀rọ̀ tán."

Ó forí lé ìsàlẹ̀ òkè Mápó. Yésúfù wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn. Ó fún un ní àpótí, ó jókòó.

"Ẹ bá mi kọ lẹ́tà kan sí ẹnjiníà," ni Kúlúsúmù wí. "Ní Yorùbá, kí gbogbo wa lè gbọ́."

"Kò burú." Ó fi bébà há ẹ̀rọ. "Máa pè é."

"Ìmọ̀ ọ̀pẹ tó wà lórí pápá Bẹyẹrunkà kì í ṣe ti òrìṣà."

Ta-ta-ta-ta. Ọwọ́ Yésúfù yá.

"Sátidé ni wọ́n gé e. Ní Àìkú, wọ́n wọ́n lọ́fíńdà sí i nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Kúdẹtì."

Ta-ta. Ta. Ọwọ́ ń falẹ̀.

"Ẹnì kan kó èyí tó ṣẹ́ kù fún àgbò rẹ̀. Àgbò náà fi eyín kàn án, ó kọ̀ ọ́."

Ta.

"Ẹni tó ni àgbò náà ni . . ."

Ẹ̀rọ dákẹ́. Lọ́rì kan kọjá, ó fọn fèrè, ọwọ́ Kúlúsúmù lọ sí àyà. Yésúfù ń wo ìka ara rẹ̀.

"Orúkọ ta ni kí n kọ, Ìyá Ìbejì?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́."

Ó yọ ọwọ́ lórí ẹ̀rọ. "Lẹ́tà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo kọ. Owó bébà tèmi, owó sítáńbù tèmi. Sàídì fi àtàǹpàkò tẹ ìwé lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ní Pápá Sàídì. Ojoojúmọ́ lọmọdé á máa pe orúkọ rẹ̀. Ta ni yóò pe tèmi? Mo bá ní kó kúkú bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wa."

"Táíwò ọmọ mi tó ń fi ọ̀pá rìn," ni Kúlúsúmù wí, "ṣé ó béèrè orúkọ ta ló wà lórí pápá?"

Yésúfù fi ọwọ́ bo ojú. Tàdáwà kùn ún níwájú orí.

"Aago mẹ́ta ti lù, Bàbá," ni Kúlúsúmù wí. Ó dìde, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo wà lórí pápá nígbà tó dé. Bàbá Yésúfù kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ó dá okùn kọjá, ó ń tú ìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kígbe níbi èèkàn kọ̀ọ̀kan, "Èmi ni mo so ó! Kò sí òrìṣà níbí! Owú ni!" Ìgbà méjìlá ló sọ ọ́. Nígbà tó dé ìkejìlá, ohùn rẹ̀ ti há.

Sájẹ́ǹtì mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀ jáde, ó ti ń wá ẹni tó máa fi sí lọ́wọ́ láti àárọ̀. Bàbá Sàídì dá a dúró.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ ní sùúrù." Ó kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Yésúfù, ọdún mẹ́fà ni káńsù fi ń dá èsì lẹ́tà padà. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń mú un wá, èmi olórí ilé. Mi ò sì mọ A. Èmi á gbé e wá fún ọ, wàá máa kà á fún mi bí ẹni ń ka ìwé fọ́mọdé. Mo máa ń wo ẹnu rẹ, inú mi á máa gbóná. Nígbà tí wọ́n ní orúkọ mi ni wọ́n máa kọ, mo dákẹ́. Ó yẹ kí n ní 'ẹ kọ ti Yésúfù náà.' Mo mọ̀ pé ó yẹ. Mo dákẹ́ ni, kí n lè fi nǹkan kan jù ọ́ lọ."

Màmúdù rọra ní, "Háà, ṣé èmi nìkan kọ́!"

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ ẹnjiníà fi dé. Ó wo èèkàn méjìlá, ó wo okùn, ó wo ilẹ̀. Ó ṣí ìwé.

"Kò sí ìjà níbí?"

"Kò sí mọ́!" la dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Orúkọ tí wọ́n máa kà ní Mápó lọ́la ńkọ́? Pápá Sàídì?"

"Ẹ kọ Yésúfù," ni Sàídì wí.

"Ó tì o! Ẹ kọ Sàídì," ni Yésúfù wí.

"Mo ní kẹ́ ẹ kọ Yésúfù!"

"Ta ló fún wọn nílẹ̀? Sàídì!"

Ẹnjiníà, ìmàle ni, ààwẹ̀ ti mú un dáadáa. Ó wo oòrùn, ó wo àwọn bàbá méjèèjì, ó mí kanlẹ̀. Ó kọ "Pápá Bẹyẹrunkà," ó fa ìlà sí i nídìí, ó pa ìwé dé. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n rí nǹkan fi ṣínu."

Bàbá Yésúfù lọ sílé rẹ̀, ó fa àgbò rẹ̀ wá. Ẹran ńlá ni, ọ̀rá rẹ̀ ń mì. Àgbò tó fẹ́ fi ṣe ti Sàídì bí òbúkọ lọ́dún Iléyá nìyẹn. Ó fi okùn rẹ̀ lé Sàídì lọ́wọ́. "Ìwọ dú u," ó ní.

Kí oòrùn tó wọ̀, iná ti ń jó nídìí ìkòkò mẹ́ta. Wọ́n ránṣẹ́ pe Babátúndé àti Comfort. Màmúdù kó ọmọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wá, a bá a sè é, a bá a fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ládàánì pè, a fi omi àti dàbínù ṣínu, a kírun, a wá dojú kọ ẹran. Sájẹ́ǹtì Olúdayọ̀ tí kò gbààwẹ̀ ló jẹ jù. Kúlúsúmù ti ṣa ìmọ̀ méjèèjìlá jọ, ó ń ya á bó ṣe ń jẹun. Ìgbálẹ̀ mẹ́rin ló rí níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń ta sánsán lọ́fíńdà. Ó fún mi ní ọ̀kan, ni mo bá dáwọ́ ìlara rẹ̀ dúró títí di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ni lọ́rì kan fọn fèrè lọ́nà Bẹẹrẹ. Fèrè náà gùn.

Gbogbo wa yíjú sí Kúlúsúmù. Ó gbé ọwọ́ díẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún, Táíwò wà níbẹ̀, ó gbé ọ̀pá lé itan, ó ń fa egungun. Ó wo apá òsì, Kẹ́hìndé ń lá àwo. Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ó bu ọbẹ̀.

Ẹ gbè é, ẹ gbè é kẹ́yìn:

Fèrè lọ́rì ń dún o — Mo jókòó!
Ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi o — Mo jókòó!
A ti jẹ, a ti yó o — Ó dilé!

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe túká, oníkálukú ń nu ọwọ́ ọlọ́ràá sára aṣọ. Ẹnjiníà gbé ìwé rẹ̀ lọ sí Mápó, Babátúndé gbé ẹran Mólété dání nínú ewé, àwọn bàbá méjèèjì sì jọ rìn lọ, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí orúkọ rẹ̀ yẹ ní kíkọ.